Mo Lọ Ka Owó Afipágbàjọba ní The Woodlands

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Délé, akápò ìjọ, wá fi mọ́tò gbé mi ní Rosenberg tí mò ń gbé ní ìlú òyìnbó níbí. Àpọ́sítélì, olórí ìjọ, ló rán an. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ra owó àtijọ́ kan fún un, pé èdè Látìn ló wà lára rẹ̀, kí n wá kà á, èmi tí mo fi Látìn yọ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́nu n'Íbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo mọ̀ pé àwòrán ló ń wá. Ọwọ́ mi nìkan ni àwòrán ọkọ mi nínú sùtánà kù sí, èyí tí a yà lọ́jọ́ tí ó dá ìjọ sílẹ̀ nínú àpátímẹ́ǹtì wa ní Gulfton. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, Àpọ́sítélì yìí, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, kò dúró kí ó kú kó tó jókòó sórí àga rẹ̀. Ní báyìí, àjọ̀dún ń bọ̀, ó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tí òun àti ọkọ mi yóò jọ wà lára rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Àwọn àgbà ìjọ sì ti sọ pé bí opó kò bá fọwọ́ sí i, àwọn kò ní gbé e kọ́ ògiri. Mo fi àwòrán náà sínú báàgì. N kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe.

A ra kolache lọ́nà: búrẹ́dì rírọ̀ tí sọ́séèjì wà nínú rẹ̀, oúnjẹ àwọn ará Czech tó tẹ̀dó sí agbègbè náà. Mẹ́ta, dọ́là mẹ́wàá. Ní ilé, iye yẹn á bọ́ odindi agboolé láàárọ̀. Freeway, ìyẹn òpópónà ńlá wọn, gbòòrò bí pápá, síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Kálukú jókòó sínú mọ́tò tirẹ̀, ó ń wo iwájú bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù.

Ní The Woodlands, àdúgbò olówó tí Àpọ́sítélì ń gbé, wọ́n fi igi bo ilé mọ́lẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́lé ńlá ń fẹ́ kí ayé rí i.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ ò dàgbà rárá," ni Àpọ́sítélì wí.

"Ojú rẹ ni kò ríran mọ́."

Ó gbé owó náà jáde. Orí ọkùnrin mẹ́ta tò tẹ̀léra lára rẹ̀.

"Ẹni iwájú yìí ló ni ín," ni mo wí. "Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Róòmù ni. Wọ́n fẹ́ pa á, ó bá lọ gba Bìrìtéènì, ó ní òun náà di ọba. Àwọn méjì ẹ̀yìn ni ọba Róòmù gan-an. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé òun àti àwọn arákùnrin òun nìyí."

Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ rí i. Ìṣọ̀kan."

"Àwọn yẹn ò bá a ṣọ̀kan. Wọn ò tẹ ojú tirẹ̀ sára owó tiwọn rí."

Ó yí owó náà wò. "Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ná an?"

N kò lè purọ́ nídìí iṣẹ́ tí mo fi jẹun. "Wọ́n ná an. Fàdákà rẹ̀ dáa ju ti Róòmù lọ." Òtítọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Àpọ́sítélì náà kọ́ kò jò; nígbà tiwa, abọ́ la fi ń gbe òjò.

"Kí ló wá gbẹ̀yìn rẹ̀?"

"Wọ́n pa á."

"Àwọn ará Róòmù?"

"Rárá. Akápò rẹ̀ ni."

Àpọ́sítélì wo Délé. Délé wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Mọ́mì, àwòrán Bàbá ń kọ́?"

"Tẹ tìrẹ nìkan. Orí rẹ tó láti kún kàlẹ́ńdà."

Wọ́n di ìrẹsì fún mi. Mo gbà á. Ìrẹsì kò ṣẹ̀ mí.

A ti ń padà lọ nínú mọ́tò nígbà tí Délé béèrè. "Mọ́mì, akápò yẹn, ṣé ó jọba?"

"Ó jọba. Òun náà tẹ owó tirẹ̀."

"Ó pẹ́ níbẹ̀?"

"Bí ọdún mẹ́ta."

Ní Rosenberg, ó sáré wá ṣílẹ̀kùn fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàgì mi. "Àwòrán Bàbá yẹn, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹnì kan péré ni mo ní láti bínú sí. Ìrìn àjò náà là mí lójú. Mo gba báàgì mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé.