Pákó Mọ́kànlá Tí Bàbá Mi Fi Dáná

Bàbá mi, Enos Vowles, kì í jókòó. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, orí ìdúró ló ti ń mu tíì, bí ẹ bá sì sún àga sí i, á di ẹ̀yìn àga náà mú bí ẹni tó fẹ́ ti ọmọlanke. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyẹn ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí omi gba gbogbo irà Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì wọ gbọ̀ngàn abúlé wa, Oxburtle, títí dé ojú fèrèsé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tòògbé lórí àga láti àárọ̀. Ní tirẹ̀, aago mẹ́fà kò ní lù kó má ti wọ bàtà òjò, kó máa rìn lẹ́bàá kòtò omi, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ó máa ń bí mi nínú. Ohun tó sì tún ń bí mi nínú jù ni pé èmi náà jọ ọ́.

Ibì kan ṣoṣo wà tí kì í dúró sí rárá: iwájú ààrò. Màmá mi, Hester, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, máa ń sọ pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń hanrun. "Láti ọjọ́ tí àwọn ará yunifásítì ti dé ni iná ti ń lé bàbá yín," ni màmá mi máa ń wí. Mo rò pé àwàdà ni.

Iṣẹ́ irà ni bàbá mi ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n á gé ilẹ̀ dúdú inú irà bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì-òkìtì kó lè gbẹ, wọ́n á wá tà á fún àwọn tó fẹ́ dáná. Ohun tí ọkọ́ rẹ̀ ń hú jáde ni ìwé ìtàn tí mo kọ́kọ́ kà. Lókè, ìgò ọtí àwọn tó la ọ̀nà rélùwéè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkòkò tábà àwọn àgbẹ̀ tó gbé dòjé ja ọba ní Sedgemoor, tí ọba sì so wọ́n rọ̀ ní oríta-oríta. Àwọn mọ́ńkì tó gbẹ́ kòtò omi ti ṣáájú ìyẹn, ọba tó sá wọ irà nígbà tí àwọn ará Denmark ń lé e ti ṣáájú tiwọn, owó àwọn ará Róòmù tún wà lábẹ́ ìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn tí kò mọ irin wà, àwọn tó fi àáké òkúta la igi óákù, tí wọ́n tò ó lé orí àbàtà kí ẹsẹ̀ wọn má baà rì. Ọ̀nà onípákó yẹn ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún.

Nígbà tí a tún gbọ̀ngàn náà ṣe lẹ́yìn omíyalé, èmi Thirza, tí mò ń bójú tó ilé ìkàwé, ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn Somerset sí pátákó ńlá kan, láti ìgbà àáké òkúta títí dé omíyalé náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo ya àwòrán irà wa sí i. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà onípákó náà dé etí irà Oxburtle, ó sì pòórá níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tó forí lé. Mo wá fi orúkọ bàbá mi kádìí rẹ̀: "Enos Vowles, tó fi àádọ́ta ọdún gé irà yìí, tí kò jẹ́ kí igi àtijọ́ kan ṣòfò." Nítorí lọ́dún 1981 ó hú àwo onígi kan, ó sì gbé e fún Dókítà Ingram, obìnrin tó ń wá ohun àtijọ́ fún yunifásítì, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ìwé ìròyìn ya fọ́tò rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó wá ṣí aṣọ lójú pátákó náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo fi ohun tí mo kọ hàn án nínú ilé ìdáná. Ó kà á lórí ìdúró.

"Pa orúkọ mi rẹ́," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Orúkọ mi. Pa á rẹ́ níbẹ̀."

"Bàbá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kàn án mọ́gi. Ṣé eyín ni kí n fi ha á kúrò ni?"

Ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i po. "Irọ́ ni, Thirza."

Mo gbé kẹ́tù kalẹ̀.

"Ọdún tí wọ́n bí ẹ," ó ní, "yìnyín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì Kérésì, kò yọ́ títí di oṣù kẹta. O ò tíì pé oṣù méjì. Àyà ẹ ń dún, ètè ẹ ti dúdú. Dókítà ò lè dé ibí, ẹṣin gan-an ò lè dé ibí. Gbogbo òkìtì tí mo gé ló ti dì sábẹ́ yìnyín, àáké ò ràn án. Èyí tó gbẹ, mo ti tà á ṣáájú Kérésì, òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Mo wá rántí pákó tó wà lẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀. Mọ́kànlá. Inú ilẹ̀ mi ni mo ti hú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Mo rò pé afárá màlúù ẹnì kan láyé àtijọ́ ni. Mo là wọ́n. Mo fi wọ́n dáná fún ẹ."

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn ni?"

"Mi ò mọ̀. Ìgbà tí Dókítà Ingram dé lọ́dún 1973 ni mo mọ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ aládùúgbò wa, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ pákó bí ẹni ń fọ eyín ọmọ. Pákó yẹn bá tèmi mu rẹ́gí. Ó ní, 'Ọ̀gbẹ́ni Vowles, ṣé ẹ ti rí irú èyí rí nínú ilẹ̀ yín?' Mo ní rárá."

Kò wò mí. Ojú fèrèsé ló ń wò.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ lọ sí ìhà àríwá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ibi tí kò sí nǹkan kan. Èmi ni mò ń gbé tíì lọ fún wọn."

N kò ní parọ́: pátákó mi ni mo kọ́kọ́ rò. Oṣù mẹ́ta mi, àti orúkọ wa lẹ́nu abúlé. "Ẹ dákẹ́ ni o," mo ní. "Ta ló bi yín? Ẹ ṣáà fa aṣọ yẹn, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ká lọ jẹun."

"Mo ti dákẹ́ tó."

"Ẹ ò rí i pé orí mi lẹ fẹ́ dà á lé? Wọ́n á ní nítorí mi lẹ ṣe sun ún. Ṣé kí n ti kú ni ì bá dáa?"

Ó dúró gbọnin. N kò rí i kó dúró bẹ́ẹ̀ rí. "Thirza, bí wọ́n bá tún gbé ìwọ àti pákó yẹn síwájú mi nísinsìnyí, àáké ni màá gbé. Ìyẹn ò dùn mí. 'Rárá' tí mo sọ fún obìnrin yẹn ló ń dùn mí." Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde lọ sí ẹ̀bá kòtò.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ara mi kò balẹ̀. Mo fọ́ àwo méjì. Mo fọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fọ̀. Mo ka ìlà yẹn lórí pátákó títí tí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, mo sì ń gbàdúrà, èmi tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí òtútù mú bàbá mi díẹ̀, kó sùn sílé lọ́jọ́ náà.

Òtútù kò mú un. Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún ni, gbogbo Oxburtle ló wá. Tíì wà, ọtí ápù wà, jáàmù àti ọ̀rá wàrà wà lórí tábìlì. Dókítà Ingram ti dé, irun rẹ̀ ti funfun, ó fi ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀ lórí àga iwájú. Perce Keirle náà ti jókòó, ẹni tí ilẹ̀ irà tirẹ̀ àti ti bàbá mi pààlà. "Olólùfẹ́ mi" ni Perce ń pe gbogbo èèyàn, àti bíṣọ́ọ̀bù.

"Enos, olólùfẹ́ mi, jókòó! Òyì ń kọ́ mi."

"Ìwọ tó o ti jókòó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ, má sọ̀rọ̀."

"Ọgbọ́n ni. Bàtà mi ṣì tuntun."

Wọ́n pe bàbá mi síwájú. Ó fa aṣọ náà, ó bọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó máa bọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ìlà tó kẹ́yìn, ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà.

"Èyí kì í ṣe òótọ́," ó ní. "Ọmọ mi ò mọ̀ nígbà tó kọ ọ́. Mo hú mọ́kànlá nínú pákó ọ̀nà yẹn, mo sì sun gbogbo ẹ̀ ní ìgbà òtútù ọdún 1963. Dókítà Ingram bi mí, mo parọ́ fún un. Òun gan-an ló jókòó yìí. Mà, ẹ máà bínú."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti bàbá mi ti lo ogún méjì lé, kò sí ẹni tó ń lé e, òun fúnra rẹ̀ ló yíjú padà. Ojú tì mí débi pé mo ń ka bàtà àwọn èèyàn.

Perce Keirle ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́kànlá péré?"

Gbogbo ojú yí sí i.

"Tèmi jẹ́ mẹ́rìnlá, olólùfẹ́ mi. Mo fi yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kò tiẹ̀ dùn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà Meader, tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ọkọ mi fi tiwa ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà wó, mo fi dáná se jáàmù."

Dókítà Ingram yí gbogbo ara rẹ̀ padà lórí àga. "Ìyá Meader! Mo wá sílé yín. Ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan rí!"

"Ẹ̀yin náà ò ṣáà béèrè ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, mà."

Dókítà Ingram dìde. Ó rìn lọ bá bàbá mi, ọ̀pá rẹ̀ ń ró kò, kò, kò lórí pákó ilẹ̀. "Ọdún mẹ́ta, Ọ̀gbẹ́ni Vowles," ó ní. "Ẹ sì ń gbé tíì wá."

"Mo mọ̀, mà."

"Pẹ̀lú bisikíìtì."

"Mo mọ̀."

Ó gbé ọ̀pá náà sókè. Mo rò pé yóò là á mọ́ ọn, bó bá sì là á mọ́ ọn, n kì bá tí dá a lẹ́bi. Àwòrán irà tó wà lórí pátákó ló nà án sí. "Ibo gan-an lẹ ti hú u?"

Bàbá mi fi ìka síbẹ̀. Dókítà Ingram ní kí wọ́n fún òun ní bírò dúdú. "Ẹ jọ̀ọ́, pátákó tuntun ni!" mo pariwo, ó ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó tẹ àmì kan sí abẹ́ ìka bàbá mi. Perce wọ́ dìde, ó ń ráhùn orúnkún, ó fi tirẹ̀ hàn: àmì kejì. Wọ́n di Ìyá Meader lápá mú wá: àmì kẹta. Dókítà Ingram wá fi ọ̀pá rẹ̀ lé orí àwọn àmì náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ ọ̀pá náà, kò sí èyí tó yà.

Ọ̀nà náà kò forí lé àríwá. Ó la irà wa já tààrà, ó sì lọ kan òkìtì iyanrìn kékeré kan ṣoṣo tí omi kì í bò tán, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, àti gbọ̀ngàn, àti ilé gbogbo wa.

"Ibí," Dókítà Ingram ní. "Ibí ni wọ́n ń bọ̀."

Perce wo ilẹ̀ abẹ́ bàtà rẹ̀. Mo gba bírò lọ́wọ́ Dókítà Ingram, mo fi fa ìlà la ọ̀rọ̀ tí mo kọ pé kò sí ẹni tó mọ ibi tó forí lé. Ìlà tí orúkọ bàbá mi wà, òun fúnra rẹ̀ ló fa ìlà là á. Kò tọ́, ó wọ́.

Nígbà tí a délé, ó ní kí n dáná. Mo ní oṣù karùn-ún la wà, ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní kí n dáná. Mo dá a. Ó fa àga màmá mi wá síwájú ààrò, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, ni mo bá jókòó tì í.

"Pákó yẹn, Bàbá," mo ní. "Ṣé iná rẹ̀ tiẹ̀ gbóná?"

Ó sún ẹsẹ̀ mọ́ iná.

"Rárá," ó ní. "Èéfín ẹ̀ pọ̀, ó sì ń tètè kú. Àmọ́ o sùn."