Màmá Dúpẹ́ Ní Òun Ló Máa Ṣe Ọkùnrin Náà

Ẹ̀yin ará, okun o, bá a ṣe ń kíni ní Kàbà! Ẹ fún mi láyè kí n tú ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú mi, torí láti Sátidé tó kọjá tá a ti bẹ̀rẹ̀ rìhásà ni ara mi ò ti balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo gbàgbé ẹ̀ títí ó fi jóná!

Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé wa ní Kàbà níbí? Tí eré bá ní ọkùnrin nínú, àwa náà la máa ń dé fìlà ṣe é. Eré tuntun tí mo kọ yìí dá lórí opó kan tí àbúrò ọkọ ẹ̀ gba oko kajú lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Opó ni Màmá Dúpẹ́, ọ̀kan lára wa. Tíṣà ni, ọmọ ìlú Ògìdì nítòsí wa níbí lọkọ ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ọkọ tán ni àbúrò ọkọ lé e kúrò nínú oko tí òun àti ọkọ ẹ̀ jọ gbìn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa. Mo wá ní kó ṣe aládùúgbò, ẹni tó kàn máa wọlé wá kí opó, táá sì jáde.

Ó ní rárá o. Ó ní àbúrò ọkọ lòun fẹ́ ṣe.

Háà! Ṣé kí n gbà ni? Tó bá dákú sí wa lọ́wọ́ ńkọ́? Mo jáde síwájú kíláàsì tá à ń lò, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Kí n tó padà wọlé, ó ti dé fìlà!

Rẹ̀mí onídìrí ló ń ṣe opó. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Màmá Dúpẹ́ wúkọ́, ó nasẹ̀, ohùn ẹ̀ yí padà pátá. Ló bá sọ ohun tí mi ò kọ: "Kí lo bí fún wa? Obìnrin méjì! Ṣé obìnrin ló máa jogún oko bàbá mi?"

Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti gbọ́ ọ.

Rẹ̀mí gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó wo "ọkùnrin" náà lójú, ó ní, "Ṣé wọn kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni?"

Màmá Dúpẹ́ lanu. Ló bá ṣí fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ìbéèrè yẹn ò ní èsì. Mo wá a, mi ò rí i. Lọ́jọ́ tó lé mi lóko, èmi ni mo dákẹ́. Mo rò pé òun ló jàre."

Mo ní ká máa lọ sílé. Ó kọ̀! Ó ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe títí ohùn Rẹ̀mí fi há.

Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́? Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n sin òun lọ sí Ògìdì, sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹbí ọkọ òun. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì béèrè ìbéèrè Rẹ̀mí lọ́wọ́ àbúrò ọkọ ẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ọkùnrin náà ń wolẹ̀. Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kajú yẹn mọ́ títí ẹbí á fi jókòó sọ̀rọ̀.

Wọn ò tíì dá oko padà o! Tí wọ́n bá yí ohùn padà ńkọ́? Tí wọ́n bá ní eré wa ló ń da ilé rú ńkọ́? Àti pé a ṣì ní rìhásà lọ́la!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tá a bá ń ṣàánú èèyàn, ká bi í léèrè ohun tó fẹ́. Èmi ti rò pé ẹkún ni Màmá Dúpẹ́ máa sun. Àṣé ìdáhùn ló ń wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fẹ́ gbà sílẹ̀ rí, tó ní kẹ́ ẹ yàgò fún òun? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Gbogbo ẹ̀ ni màá kà, ẹ sì bá wa fi àdúrà sí ìpàdé ẹbí náà.