Ìkòkò tíì "Ṣáínà" tí Màmá mi rà lónìí

Ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá mi o!

Ní ọjà Dilimi láàárọ̀ yìí, a rí ìkòkò tíì kékeré kan, alámọ̀, tó ń dán. Sítíkà Ṣáínà wà nídìí rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tà á búra: "Hajiya, wallahi, ojúlówó Ṣáínà ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

Mo ná an ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ó kọ̀.

Màmá ò bá wa ná nǹkan kan. Wọ́n tọrọ omi gbígbóná lọ́wọ́ máì ṣáyì, onítíì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n dà á sínú ìkòkò náà, wọ́n gbé e símú.

Omi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n kọjú sí ọkùnrin náà: "Irọ́ lò ń pa, ọmọ mi. Òórùn èèpo irúgbá nìyí. Ní Ìlọrin, tá a bá yọ ìkòkò nínú iná, omi èèpo irúgbá la máa ń dà sí i lára kó lè dán. Iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe kú nìyẹn."

Ojú ti ọkùnrin náà. "Hajiya, ẹ má bínú. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá."

Inú mi dùn! Mo ti ń ṣí báàgì.

Màmá fi èékánná họ sítíkà náà dànù, wọ́n sì ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lé e lọ́wọ́ pé.

Mo pariwo: "Màmá! Ayédèrú mà ni!"

Wọ́n wò mí.

"Nígbà tó jẹ́ ti Ṣáínà, ogún ni. Ó wá di ti ìyá mi, ó di márùn-ún?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, eélòó lẹ máa san?