Oníbodè Tí Kò Lè Pe Àgbà Lórúkọ

Òórùn kàfúrà ni ọkàn mi kọ́kọ́ máa ń gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Odawna, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Circle, ó sì há débi pé bí oníbàárà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ní láti fà sẹ́yìn kí wọ́n tó lè yíjú padà. Aṣọ òkìríkà, èyí tí àwọn ará Accra ń pè ní obroni wawu, la tò láti ilẹ̀ kan àjà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí a bá ti já okùn ìdì tuntun báyìí, òórùn kàfúrà pẹ̀lú òógùn ará ibi tí a kò dé rí á tú jáde, á wọ imú lọ, á sì bá ènìyàn délé. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Fáànù kan ṣoṣo ló wà lókè, ó máa ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá jí lójú oorun. Níbẹ̀ ni mo ti ń lo ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé girama, mo sì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ṣẹlẹ̀.

Má rò pé wọ́n fìyà jẹ mí o. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì kó mi sábẹ́ aṣọ. Alhaji ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ṣùgbọ́n Bàbá ni mo ń pè é, torí bàbá gan-an ló jẹ́ fún mi. Òun ló rán mi nílé kéwú ní Mamobi, òun ló rán mi nílé ìwé, bí a bá sì ń jẹun pọ̀, á ti ẹran tó tóbi jù sí ẹ̀gbẹ́ tèmi nínú àwo, á sì máa wo ibòmíràn. Gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ló máa ń nawọ́ mi sí: "Ẹ wò ó, ẹni tó ni ibí nìyẹn. Mo kàn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni." Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ṣàdúrà fún wa. Èmi náà á tẹrí ba, màá ní, "Àmín, sà." Inú mi á sì há ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé inú mi kò dùn? Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá kọ ogún rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹni tó tọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń mí. Olùkọ́ ìṣirò kan, obìnrin ọmọ Gã, ti wá ra aṣọ ọmọdé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó sì rí àwòrán odi ìlú tí mo yà sára páálí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn ìtàn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Àìkú la máa ń pàdé ní fàráńdà rẹ̀ ní Kokomlemle: òun, èmi, àti ọkùnrin nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Àṣáńtì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí o kò bá tíì ṣe irú eré yẹn rí, ìtàn tí a jọ ń pa ni. Ẹnì kan ni adarí, òun ló ń sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kù á dá ènìyàn tiwọn sílẹ̀ lórí ìwé: orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀, àléébù rẹ̀, ilé tó ti wá. Bí ènìyàn rẹ bá fẹ́ ṣe ohun tó le, wàá ju dáìsì olójú ogún, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Olùkọ́ yìí ni adarí wa.

Ọ̀rọ̀ ká dá ènìyàn sílẹ̀ yìí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìjà inú rẹ̀, èmi lè fi odidi ọ̀sẹ̀ ro ìgbésí ayé ẹni tí kò sí níbì kankan. Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn àwọn tó ń jó bí iná. Ó ní jagunjagun obìnrin kan, aláàáké méjì, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó lu ènìyàn. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń bá obìnrin náà bọ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ dá ni àlùjọ̀nnú kan tí wọ́n dè mọ́ òrùka, ẹni tó bá wọ òrùka ló ni ín. Lẹ́yìn náà ni mo dá ọdẹ kan tó ti di òkúta dé ọrùn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọmọlanke tì kiri, tó sì ń ta wọ́n lólobó. Ẹ̀kẹta ni obìnrin tó ń gbé inú dígí, kò lè ríran kọjá ibi tí wọ́n bá gbé dígí náà sí. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, ṣé gbogbo èèyàn tìẹ ló máa ń há sínú nǹkan ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó há ló máa ń ní ọgbọ́n. Ohun tó ti hàn sí gbogbo ayé, èmi kò tíì rí i.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Oníbodè ni. Ọmọ òrukàn ni, ọba arúgbó kan tọ́ ọ dàgbà nínú ààfin tó wà láàárín aṣálẹ̀, ó sì búra fún ọba náà pé òun kò ní kúrò lẹ́nu ibodè láé. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìlú ló wà lọ́rùn rẹ̀, àyàfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jáde. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ìwé ìdì aṣọ. Olùkọ́ kà á tán, ó ká a, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà kan wà lápò mi tó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rí sí ẹrù ojú omi ní Tema ló kọ ọ́. Mo ti fi ìrọ̀lẹ́ ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ náà, Bàbá sì rò pé nítorí àwọn ìdì aṣọ wa ni mo ṣe ń kọ́ ọ. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n á mú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Bàbá ti ń sọ pé lẹ́yìn ọdún Iléyá, òun yóò pe àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Mamobi jọ, òun yóò sì fa ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sí fàráńdà, mò ń jẹ kelewele, ata àti ata ilẹ̀ tí wọ́n fi dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì ń ta mí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ adùn rẹ̀.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ààfin ọba arúgbó ń rì sínú iyanrìn pẹ̀lú gbogbo wa nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ibodè fi lè ṣí: kí ẹni tí ọba tọ́ dàgbà dúró níwájú rẹ̀, kó pe orúkọ ọba gan-an, kó sì sọ pé òun ń lọ. Ó na ìwé kékeré kan sí mi. Orúkọ ọba wà nínú rẹ̀. Kò sí dáìsì tí mo máa ní láti jù. Kí n ṣáà pe orúkọ ọkùnrin tí kò sí láyé ni, a ti jáde.

Mo la ẹnu, orúkọ náà kò jáde. Mo ní, "Kábíyèsí." Olùkọ́ gbọn orí. Mo ní, "Bàbá mi." Ó tún gbọn orí, ó ní iyanrìn ti dé orúnkún. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wò mí dàgbà, ẹ̀yin tí ẹ fún mi lónjẹ." Iyanrìn dé àyà.

"Pè é!" Nọ́ọ̀sì ti dìde dúró. "Orúkọ lásán ni, chale!"

"Nílé wa, a kì í pe àgbà lórúkọ."

"Àgbà wo? Kò sí ẹnikẹ́ni níbí!"

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mò ń wo ìwé yẹn bí ìgbà tí wọ́n ní kí n gbá arúgbó létí. Olùkọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Iyanrìn bo ààfin. Gbogbo wa kú síbẹ̀, jagunjagun aláàáké méjì náà kú.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ká ìwé obìnrin rẹ̀ sí mẹ́rin, ó kó dáìsì rẹ̀ sápò, ó ní, "O bọ̀wọ̀ fún un títí gbogbo wa fi kú." Ó sì lọ. Olùkọ́ wò mí, ó ní, "Má bínú. Mi ò mọ̀ pé á le fún ẹ tó bẹ́ẹ̀."

Inú trotro, ọkọ̀ akérò tó ń gbé mi lọ sí Mamobi, ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo há sáàárín obìnrin tó gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́sẹ̀ àti ọkùnrin tó ń sùn lé mi léjìká, mo sì ń bi ara mi pé ṣé ọ̀wọ̀ nìkan ni. Rárá o. Ìbẹ̀rù ni, ó kàn wọ agbádá ọ̀wọ̀ ni. Nílé wa, ọmọ kì í dá gbé irú ọ̀rọ̀ tèmi yẹn ka iwájú bàbá rẹ̀, àgbà kan ló máa ń rán kó bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo ro ìyàwó Bàbá, mo ro ìmáàmù àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń to ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá mi sọ, ojú nọ́ọ̀sì nígbà tó ń ká ìwé rẹ̀ ni mò ń rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oníbàárà tó dé, mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ìdì aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi fi yọ síta, tí àwọn tó ń kọjá ń dá a kọjá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní Tema, mo sì fẹ́ lọ. Mi ò fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yìí."

Bàbá ń wá bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀wù ọmọdé kan. Kò gbójú sókè. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé o ò fẹ́ ẹ?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin, sà."

"Ọdún mẹ́rin." Ó gbé ẹ̀wù náà sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rin lo fi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀, tí ọ̀rọ̀ yìí sì wà lẹ́nu ẹ?"

Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú, mo ti múra de ẹkún, mi ò múra de ìyẹn.

"Ta ló wá sọ fún ẹ pé èmi fẹ́ràn ibí?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Aláǹgbá ló ń gbé ilé tí mo kọ́ síbẹ̀. Mo ní mi ò lè fi ṣọ́ọ̀bù ọmọ àbúrò mi lé ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́. Ìwọ ni mò ń dúró dè." Ó tún mú ẹ̀wù náà. "Dìde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀."

Ó bínú sí mi, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe lílọ tí mo fẹ́ lọ ló ń dùn ún, pé ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọ tí Bàbá tọ́ kò kà á sí ẹni tó ṣeé bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí mi dé ibùdókọ̀ Tema. Kí ọdún tó yí po, ó ti fi ṣọ́ọ̀bù lé aládùúgbò wa lọ́wọ́, ó sì ti wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà dárí jì mí. Ó dá jagunjagun mìíràn, ó sọ ọ́ ní Bàbá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èmi á lè pe ìyẹn.

Mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà o, mi ò sì ní pè wọ́n lórúkọ. Ohun tí mo kọ́ ni pé mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn méjì, mo sì ń pe ara mi ní ọmọ rere. Fún ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi gbé lábẹ́ rẹ̀, èmi àti Bàbá kò jà rí. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Nísinsìnyí, a máa ń jà lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ gun òrùlé lọ tún páànù ṣe fúnra rẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tó di ọ̀sán, ó tún pè, kí a lè máa bá ìjà wa lọ.