Àpò Ìrẹsì Tó Ń Ké

Mo gbé ajá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kí wọ́n lè yọ ilé ọmọ rẹ̀, òórùn Ísáàlì sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan l'Ómù-Àrán. Ìyá àgbà mi ń fi Ísáàlì fọ ibi tí ajá wa bímọ sí. Bọ̀dá mi gbé àpò ìrẹsì kan kọjá, àpò náà ń mira, ó ń ké.

"Oko ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ajá lọ," ni Ìyá àgbà wí. "Wọn á jẹun yó níbẹ̀."

Ajá wa tẹ̀ lé àpò náà. Ó padà pẹ̀lú irun tútù, wàrà ń kán lọ́mú rẹ̀.

Ọ̀nà oko wa kò gba etí odò.

Lónìí, Bọ̀dá yìí kan náà, tó bá mi wá sọ́dọ̀ dókítà, ló ní ìkà ni kéèyàn sọ ajá di àgàn. Mo fi okùn ajá lé dókítà lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ó yàgàn, Bọ̀dá. Ẹ ò ní í rí ohun tẹ́ ẹ máa kó sápò mọ́."