Pínnì Tí Ìyá Ọkọ Mi Há Mọ́ Aṣọ Mi

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ọkọ mi ní Sùúrùlérè. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé ojo ni mí. Bí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ọkàn mi á ti sọ pé ẹnì kan ti kú. Ẹ wá fojú inú wo bí mo ṣe rí nígbà tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́rin gbáko!

Ọdún kejì ìgbéyàwó wa nìyẹn. Mo ṣe àyẹ̀wò oyún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Irun ń hù sí mi lágbọ̀n, mo sì ń sanra láìmọ̀dí. Ní ọsibítù, wọ́n ṣe sikáànù fún mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, dókítà wá sọ pé PCOS ni wọ́n ń pè é. Ó ní họ́mónù mi ló dàrú, òun ni kò jẹ́ kí ẹyin máa jáde lásìkò bó ṣe yẹ. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in, wọ́n sì ń bímọ. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Dókítà ní kí n lọ rí obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú ọsibítù náà. Ìyẹn ní kí n dín òkèlè kù, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja dáadáa, kí n gbàgbé mínírà, kí n sì máa rìn. Dín in kù ló sọ o. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé kí n má jẹ ẹ́ mọ́ rárá. Mo tún wá bọ́ sórí fóònù, mo ń kà kún un. Ẹnì kan ní kí n má jẹ ìrẹsì, ẹlòmíì ní kí n má jẹ èso, òmíì tilẹ̀ ní wàrà ló ń fa gbogbo ẹ̀. Kí ló wá kù téèyàn á jẹ? Kùkúḿbà àti ìgbá.

Ilé Mọ́mì, ìyá ọkọ mi, là ń gbé. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Tẹ̀júoṣó, àwọn ló sì ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé. Èmi àti Kúnlé, ọkọ mi, pinnu pé a ò ní sọ fún wọn. Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á máa wò mí bí ọjà tó bàjẹ́.

Bí wọ́n bá ti bu èbà, màá ní mo ti jẹun ní ọ́fíìsì ní Yaba. Irọ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ń fọ́ mi. Bí wọ́n bá ń din ata, èébì á máa gbé mi. Bí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń gbà lọ.

Mọ́mì wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí Kúnlé máa pọnmi. Wọ́n ń fi orí ẹja pamọ́ dè mí. Wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ìyá yìí mà dáa, wọ́n rí i pé ó rẹ̀ mí.

Àfi ọjọ́ Sátidé kan tí mo fẹ́ jáde lọ́sàn-án gangan. Mọ́mì pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mú pínnì kan látinú àpótí bọ́tìnnì wọn, wọ́n há a mọ́ etí aṣọ mi, wọ́n wá ní, "Má máa rìn nínú oòrùn ọ̀sán láìní eléyìí lára. Olúwa á ṣọ́ ẹ."

Ta ni wọ́n ń há pínnì mọ́ láṣọ nílẹ̀ Yorùbá bí kì í ṣe aboyún? Wọn ò kúkú ní béèrè. Ṣé a máa ń bi oníkùn léèrè oyún ni? Òkèèrè la ti ń wò ó, a ó máa gbàdúrà sínú. Èébì tó ń gbé mi, èbà tí mi ò jẹ, oorun tí mò ń sùn, Mọ́mì ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n ti fi ṣe ọmọ!

Mi ò lè lọ síbi tí mò ń lọ mọ́. Mo sọ fún Kúnlé, ó ní ká fi sílẹ̀, pé tí wọ́n bá retí títí tí wọn ò rí nǹkan, ó máa yé wọn. Kí ló máa yé wọn? Ṣé kí wọ́n máa sunkún oyún tí kò sí ni? Bí Mọ́mì bá ti wo ikùn mi báyìí, màá yára fi báàgì bò ó.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n bù ún kún abọ́ fún mi, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí n gbìyànjú, pé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń jẹun báyìí. Mo bá kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kò sí oyún."

Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, látorí sikáànù dórí kùkúḿbà. Abọ́ oúnjẹ yẹn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ṣé ebi ló wá ń pa ẹ́ látọjọ́ yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ebi ń pa ẹ́ nínú ilé mi, èmi wá ń dúpẹ́."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n tilẹ̀kùn. Mo ní ó ti parí nìyẹn, wọ́n máa lé mi. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà ò kéré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n gbé báàgì dání, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ bá obìnrin tó ní kí n má jẹun. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó kọjú ìjà sí mi! Ta ló ní kí n febi pa ara mi? Ó ní ìdajì àwo ni kí n fi ẹ̀fọ́ kún, kí ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kí òkèlè má ju ìkúùkù ọwọ́ mi lọ, kí n sì máa jẹun lásìkò. Mọ́mì na ìkúùkù tiwọn síta. Obìnrin náà ní rárá o, ti ẹni tó fẹ́ jẹun ni. Mọ́mì gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n pa á dé, wọ́n wò ó títí. "Kékeré mà ni," wọ́n ní. Inú wọn ò tíì dùn sí i títí dòní, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń bù fún mi.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ti tán o. Nǹkan oṣù mi ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ti fo oṣù kan. Mo ṣì ń rí dókítà, mo ṣì ń wo kàlẹ́ńdà láràárọ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n orí ò fọ́ mi mọ́, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti ibi iṣẹ́ dé Ojú Ẹlẹ́gbà kí n tó wọkọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oúnjẹ lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ebi kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wo ikùn mi, ó bi Mọ́mì pé ìgbà wo la máa wá jẹ ìrẹsì ìkómọ. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Mọ́mì ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jẹun yó ná."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀ ń fi àìsàn yín pamọ́ fún nídìí àwo oúnjẹ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.