Ẹ̀hẹ́n Tí Mo Sọ Sínú Tépù

Orla yọ ẹ̀rọ tó fi bo etí, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó wá yíjú sí mi. Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn lásán, á ju nǹkan mọ́lẹ̀ ni.

Ó ní, "Sìkírá, ta ló ń sọ ẹ̀hẹ́n nínú tépù yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀hẹ́n bíi ti báwo?"

Ó tún un tẹ̀. Ohùn ìyá arúgbó kan jáde, ó ń sọ̀rọ̀ geere ní èdè tí n kò gbọ́. Bí ìyá ṣe dánu dúró láti mí, ohùn kejì dáhùn, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n." Ìyá tún ń bá a lọ. "Hùn-ùn." Ìyá gbé ohùn sókè díẹ̀. "Háà! Ẹ ò rí nǹkan!" Yéè! Ohùn mi ni. Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí n máa gba ohùn ẹlòmíràn sílẹ̀, èmi ni mo ń rojọ́ nínú tépù látòkè délẹ̀.

Ìgbà tí owó dé sí Dublin, olú-ìlú Ireland, nìyẹn, tí kírénì pọ̀ lójú ọ̀run ju igi lọ, tí iṣẹ́ ń wá èèyàn kiri. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Orla, ilé ìkẹ́rù kan ní Ballycoolin ni mo ti ń lẹ bébà mọ́ páálí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gba ohùn sílẹ̀ nílé iṣẹ́ rédíò kan n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Coolock ń wá agbohùnsílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Orla tó ni ilé iṣẹ́ náà gbà mí, ṣùgbọ́n ó ní ká fi oṣù mẹ́ta dán ara wa wò ná; bó bá dáa, a ó tọwọ́ bọ̀wé, bí kò bá dáa, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Oṣù kẹta ọ̀hún la wà yìí. Bàbá Jàmíù, ọkọ mi, sì ti ròyìn fún gbogbo mọ́sálásí pé ìyàwó òun ti kúrò nídìí páálí. Ẹ̀rù Ballycoolin ń bà mí ju ẹ̀rù Orla lọ.

Fíìmù nípa ìgbésí ayé àti ìtàn àwọn ará Scotland ni Orla ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, ní èdè Gaelic tí wọ́n ń sọ ní àwọn erékùṣù ibẹ̀. Kì í ṣe eré àwọn òṣèré o. Ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló máa ń jókòó síwájú kámẹ́rà tí á máa sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Èdè wọn àti èdè àwọn ará Ireland bá ara tan, bí Ìtsẹkírì ṣe bá Yorùbá tan: wàá gbọ́ díẹ̀, ìyókù á bọ́ lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Orla ti kọ́ ọ, ó sì gbọ́ ọ dáadáa. Èmi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá kírun tán nínú yàrá tí a ń kó tépù sí, mo máa ń jókòó síbẹ̀, màá fi ẹ̀rọ bo etí, màá máa gbọ́ àwọn arúgbó tí ń sọ̀rọ̀ òkun àti àgùntàn àti òjò. Á wá dà bíi pé àlá ẹlòmíràn ni mo ń lá. Atẹ́gùn á máa fẹ́ lẹ́yìn ohùn wọn, ojú mi á sì máa rí ibi tí n kò dé rí. Bí mo bá ṣí etí, á yà mí lẹ́nu pé Coolock ni mo wà, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń pariwo níta.

Fíìmù tó fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí dá lórí àwọn ọmọbìnrin tí ń la ẹja ṣàwá. Láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń tẹ̀ lé ẹja láti èbúté dé èbúté, láti òkè Scotland títí dé etíkun England, ní mẹ́ta-mẹ́ta: àwọn méjì á máa fi ọ̀bẹ la ẹja, ẹnì kẹta á máa tò ó sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀. Wọ́n ti ń tán láyé. Ẹnì kan ṣoṣo tí Orla rí tó ṣì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kò tilẹ̀ sí ní Scotland mọ́. Hartstown ló wà, òpópónà méjì sí ilé wa, tí n kò mọ̀. Ìyá Mórag ni. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ Dublin ló fẹ́, ó bá a wá síbí, bàbá kú, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Kéètì, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kéètì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń dá a lóhùn, bí Jàmíù ọmọ mi ṣe ń ṣe mí.

Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹni tí à ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dún. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ á kàn máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹni náà mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun. Orla ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀: "Orí ni kóo fi dáhùn, má fẹnu dáhùn." Mo gbọ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ni mo dàgbà sí. Bí màmá yẹn bá ń sọ̀rọ̀ tóo dákẹ́, á dúró, á ní, "Ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Àgbà ò lè máa sọ̀rọ̀ níwájú mi kí ẹnu mi má dáhùn. Kì í tilẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kó tó dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tí a kọ́kọ́ lọ, Ìyá Mórag fọwọ́ ara rẹ̀ bu tíì fún wa, kò ta sílẹ̀. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Orla, mo sì rò pé máíkì tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ń sọ tirẹ̀. Mo mọ ibi tó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ ibi tí nǹkan ti dùn ún. Orla náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ lọ pátápátá, kò gbọ́ mi. Àfi ìgbà tí a dé Coolock lọ́jọ́ kejì.

Mo ní, "Orla, ẹ jẹ́ kí n gé e kúrò."

"Níbo lo ti fẹ́ gé e? Ohùn rẹ gun orí ohùn rẹ̀. Bóo bá gé tìrẹ, tirẹ̀ á bá a lọ." Ó fọwọ́ pa ojú. "A máa padà lọ ní Tọ́sìdeè. Bóo bá fi lè wúkọ́ lásán, Sìkírá, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí dé ilé. Ẹkún gidi ni o, ẹni tó jókòó tì mí fún mi ní bébà ìnujú. Bàbá Jàmíù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó káàánú mi tán, ó wá ní, "Ṣé kí n bá ẹ ra plásítà tí wàá lẹ̀ mọ́ ẹnu ni?"

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ju ẹyọ dàbínù kan sẹ́nu kí ahọ́n mi lè rí iṣẹ́ ṣe. Orla tún béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, Ìyá Mórag bẹ̀rẹ̀. Mo mi orí. Orla mi orí. Dónàl tó ń ya àwòrán náà ń mi orí lẹ́yìn kámẹ́rà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mi orí bí alángbá orí ògiri, ilé pa lọ́lọ́. Ìyá sọ gbólóhùn mẹ́rin, márùn-ún. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó dánu dúró bó ṣe ń ṣe, ó retí. Mo di eyín mọ́ kóró dàbínù. Ó tún sọ ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ti kéré, ó wá dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó ké sí ilé ìdáná ní èdè rẹ̀.

Kéètì yọ jáde, aṣọ ìnu-àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá ń béèrè bóyá ẹ ti lọ sílé."

Orla ní, "Sílé kẹ̀? Iwájú wọn la jókòó sí."

"Wọn ò ríran mọ́ kẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Mo rò pé ẹ ti fura ni. Màmá ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́, kí àwọn èèyàn má baà máa fà wọ́n lọ́wọ́ kiri bí ọmọdé."

Obìnrin yìí ti ń sọ ayé rẹ̀ fún àwọn tó ń mi orí, kò sì rí orí kankan. Orla wò mí, omi ti gba ojú rẹ̀.

"Sìkírá," ó ní, "dá wọn lóhùn."

Mo tu dàbínù sọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Èdè wo ni mo tún fẹ́ wá? Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi: "Ẹ má bínú, Màmá. A wà níbí. À ń gbọ́ yín, mà."

Ojú rẹ̀ yí sí mi kíá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan, Orla sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní, Hẹ̀n, ẹni ọjọ́ Túsìdeè ti dé."

Ó wá sọ̀rọ̀. Àṣé ti Túsìdeè kéré. Mo dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà nínú òkùnkùn, n kò lè ṣe ẹ̀hẹ́n mọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni mo ń sọ. Mo rí Kéètì lẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ ìnu-àwo bo ẹnu. Ẹ̀yìn náà ni Orla tó sọ ọ́ fún mi: Ìyá ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnì kẹta wọn nídìí ẹja, tí ibà pa ní èbúté kan ní England, tí àwọn méjì tó kù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí àyè rẹ̀ títí àkókò ẹja fi parí. Kéètì lorúkọ ọ̀rẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ yẹn láti àádọ́ta ọdún ó lé, kò mọ ẹni tó ni ín.

Orla ò yọ ẹ̀hẹ́n kan kúrò. Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ní Scotland béèrè pé erékùṣù wo ni obìnrin kejì tí ń dáhùn ti wá. Orla dá wọn lóhùn pé, "Ìsẹ́yìn." Wọ́n ní àwọn ò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́. A tọwọ́ bọ̀wé, mo sì ṣe iṣẹ́ náà títí irun orí mi fi funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ìparí ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn ni mo máa ń rántí.

Kí a tó kó ẹrù kúrò ní yàrá kankan, agbohùnsílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ohùn yàrá náà fúnra rẹ̀: ìṣẹ́jú kan gbáko tí gbogbo èèyàn á dákẹ́, tí ẹ̀rọ á máa gbọ́ ilé lásán, kí ẹni tó ń to fíìmù lè rí nǹkan fi dí àlàfo. Lọ́jọ́ náà, mo ti lanu láti ní kí wọ́n dákẹ́ kí n tó rántí. Ìṣẹ́jú kan! Lójú ìyá yìí, a ti lọ nìyẹn.

Mo so máíkì mọ́ igi rẹ̀, mo tẹ ẹ̀rọ. Mo bọ́ bàtà, mo rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gbogbo ìka rẹ̀ ló ní àpá ọ̀bẹ, kéékèèké, líle. Ó di tèmi náà mú ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni ò dún. Aago ń lù, kẹ́tù omi tíì ń tutù ní ilé ìdáná, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní títì níta. Ó gbé orí lé àga, ó ń mí dáadáa.

Ìṣẹ́jú náà pé. Ó yẹ kí n dìde lọ pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo jẹ́ kí tépù máa yí lọ.